Líìkì Tí Janine Ń San Owó Rẹ̀ fún Káńsù

Inú ọpọ́n ìwẹ̀ ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má bínú. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí Janine Hedley ti mọ irú ọkùnrin tó gbà sílé.

Ó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ náà, ó fẹ́ wẹ ọmọ rẹ̀. Bó ṣe ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀, líìkì mẹ́ta ló rí tí wọ́n nà gbalaja sínú ọpọ́n bí òkú. Ẹbí àlùbọ́sà ni líìkì, ó gùn, ó funfun nísàlẹ̀, ewé rẹ̀ dà bí ewé àgbàdo. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kò ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ. Àwọn tó wà nínú ọpọ́n Janine nípọn bí itan àgbàlagbà. Omi ọpọ́n ti dúdú, òórùn tó sì ń jáde níbẹ̀ ń ta èèyàn lójú.

"Craig! Kí lèyí?"

"Rọra o, má fọwọ́ kàn wọ́n! Ẹrẹ̀ ara wọn ni mò ń fọ̀."

"Níbo wá ni Bethan fẹ́ wẹ̀?"

"Ṣé ó ń rùn ni? Ṣebí ó wẹ̀ lánàá."

Janine ti ilẹ̀kùn náà padà. Ó bu omi gbígbóná sínú ike, ó wẹ ọmọ rẹ̀ ní ilé ìdáná. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti mọ́ ọn lára.

Ní ọdún mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ yẹn, Janine kò ní ẹnì kankan tó ń bá a gbé ju Bethan lọ. Iṣẹ́ oúnjẹ ló ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wákàtí mélòó kan lójúmọ́. Owó ibẹ̀ kò lè san owó ilé. Káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ló ń fún un ní owó ìrànwọ́ ilé, nítorí obìnrin tó ń dá tọ́mọ ni, owó tó ń wọlé fún un kò sì pọ̀. Ó ń gbé nínú ilé tí àgbàlá ẹ̀yìn rẹ̀ dára, ọmọ rẹ̀ ní yàrá tirẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ìgbà náà ni Craig Stobbs yọ. Ó ń wa mọ́tò akẹ́rù fún ilé iṣẹ́ bíríkì, ẹnu rẹ̀ dùn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń pa obìnrin lẹ́rìn-ín. Àpò kan ló kọ́kọ́ gbé wá. Lẹ́yìn náà ni bàtà rẹ̀ dé, ẹ̀wù òtútù rẹ̀ dé, lẹ́yìn náà ni dúrọ́ọ̀mù dé.

Màá padà sórí dúrọ́ọ̀mù yẹn. Ọ̀rọ̀ owó ló ṣáájú.

"Craig," Janine sọ fún un lórí oúnjẹ, "ó yẹ kí n lọ sọ fún káńsù pé a ti di méjì nílé yìí."

"Kí o sọ kí ni fún wọn?"

"Pé ò ń gbé níbí. Bí ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ bá wà nílé, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀. Wọ́n á dín owó náà kù."

"Wọn ò ní í dín in kù, wọ́n á gé e pátápátá. Ta ló máa wá san owó ilé? Èmi tí mo ṣì ń san owó mọ́tò?"

"Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ lò ń sùn níbí."

"Ṣé káńsù fẹ́ wá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n máa gbọ́ bí mo ṣe ń hanrun ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Olólùfẹ́, ilé màmá mi ni gbogbo ayé mọ̀ mí sí. Ibẹ̀ ni lẹ́tà mi ń lọ. Lójú àwọn káńsù, mi ò sí. Fún mi lọ́dún kan péré. Bí mo bá san owó mọ́tò tán, èmi fúnra mi ni màá fà ọ́ lọ́wọ́ lọ síbẹ̀."

Janine gbà. Ẹ má jẹ́ kí a purọ́ fún ara wa, kì í ṣe Craig nìkan ló tì í sí i. Ó wù ú pé kí ọkùnrin wà nílé. Ó sì wù ú pé kí owó náà má dínkù. Nígbà tí káńsù béèrè lọ́dún àkọ́kọ́ bóyá nǹkan kan ti yí padà nílé rẹ̀, ó dáhùn pé rárá, àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Lọ́dún kejì, àyà rẹ̀ kò lù mọ́. Bí èèyàn ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn.

Wọ́n san owó mọ́tò náà tán. Craig kò fa ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lọ síbì kankan.

Owó tí kò fi sílẹ̀ fún ilé, inú ilẹ̀ ló ń lọ. Ó ra iyẹ̀pẹ̀ olówó ńlá. Ó fi ike bo àgbàlá. Ó ra ohun tí wọ́n fi ń mú ilẹ̀ móoru. Dúrọ́ọ̀mù yẹn wá dúró sábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná Janine. Ìgbẹ́ àgùntàn ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ màlúù gbígbẹ, bíà tó ti kan, àti nǹkan kan tí Craig máa ń fúnra rẹ̀ dà sí i láràárọ̀ tó bá jí, tí yóò kọ̀yìn sílé, tí yóò máa súfèé. Oúnjẹ líìkì nìyẹn. Baba baba rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Ibẹ̀ ni ìran líìkì rẹ̀ náà ti wá, ó sì ń tọ́jú wọn ju ọmọ èèyàn lọ.

Lákòókò ooru, eṣinṣin á bo fèrèsé náà. Bethan ti ilé ẹ̀kọ́ dé lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màmá, wọ́n ní ilé ìgbẹ́ ni mò ń gbé."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wọn. Wọ́n ń dí imú bí mo bá ti jókòó."

Janine fọ aṣọ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò tú dúrọ́ọ̀mù náà dànù. Bó bá rántí rẹ̀ lónìí, ojú ara rẹ̀ máa ń tì í.

Hetty, ìyá àgbàlagbà tó ń gbé ní ilé kejì, kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó nawọ́ sí dúrọ́ọ̀mù láti orí ọgbà.

"Ọmọ mi, òórùn ọkọ rẹ ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì."

"Kì í ṣe ọkọ mi, Hetty. Ó kàn máa ń wá ni."

"Ó máa ń wá, àbí kì í lọ?" Hetty rẹ́rìn-ín. "Èmi ò ní í sọ fún ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n ṣé o rò pé àwọn káńsù kò ní imú ni?"

Ní ìlú wọn, bí oṣù kẹsàn-án bá ti dé, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu àwọn ọkùnrin ju ìdíje líìkì lọ. Kílọ́ọ̀bù àwọn òṣìṣẹ́ ló ń ṣe é. Wọn kì í fi owó ta ẹni tó bá borí lọ́rẹ. Ẹrù ilé ni wọ́n ń fún un, wọn á sì kó wọn sórí pèpéle ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú kí wọ́n lè máa wọ gbogbo èèyàn lójú. Ẹ̀bùn àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn, àga onítìmùtìmù aláwọ ni, odindi sẹ́ẹ̀tì, àwọ̀ wàrà. Bí Craig bá lọ mu bíà, yóò gòkè lọ fọwọ́ ra á.

Òfin ìdíje náà kò gba gbẹ̀fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kópa gbọ́dọ̀ gbin líìkì rẹ̀ sí ilẹ̀ ilé tóun fúnra rẹ̀ ń gbé, torí àwọn kan ti máa ń lọ ra líìkì olólíìkì wá. Ìgbìmọ̀ kílọ́ọ̀bù á wá sí àgbàlá, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sára líìkì náà níbi tó dúró sí, kí ẹnikẹ́ni má bàa pààrọ̀ rẹ̀.

"Bí wọ́n bá dé," Craig sọ fún Janine, "ṣá po tíì fún wọn, kí o sì ṣe bí ìyàwó ilé."

"Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí káńsù ńkọ́?"

"Káńsù kì í mu bíà ní kílọ́ọ̀bù wa."

Wọ́n wá. Wọ́n lu òǹtẹ̀. Alwyn Tait wà lára wọn, bàbá kan tó gbẹ bí igi, tó ti ń gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́ láti ọdún tí a kò rántí mọ́. Ó wo líìkì Craig, ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo bàtà Craig lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ẹ̀wù rẹ̀ lára okùn. Ó mu tíì rẹ̀ tán.

"O ṣé, ọmọ mi," ó sọ fún Janine. "Tíì yìí dùn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé òórùn dúrọ́ọ̀mù yẹn kò wọ inú ife."

Gbọ̀ngàn kílọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ ìdíje. Wọ́n tẹ́ líìkì sórí aṣọ dúdú, wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n dì wọ́n lọ́rùn bí ọmọ tuntun. Adájọ́ wọ̀n wọ́n, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún wọ̀n wọ́n. Nígbà tí alága dárúkọ Craig Stobbs gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́, ariwo sọ. Craig fò sókè, ó fẹnu ko líìkì náà lẹ́nu. Líìkì yẹn ló kọ́kọ́ fẹnu kò. Janine rí i.

Ni Alwyn Tait bá dìde.

"Ẹ̀yin alága, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Ilé màmá rẹ̀ ni ọmọkùnrin yìí kọ sílẹ̀ fún kílọ́ọ̀bù pé òun ń gbé. Ilẹ̀ obìnrin kan ló gbin líìkì sí. Òfin wa ní kí èèyàn gbìn ín sí ibi tó ń gbé. Ẹ mú líìkì yẹn kúrò lórí tábìlì."

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Craig," alága pè é, "ibo lò ń gbé?"

Janine tẹjú mọ́ ọn. Nínú ọkàn rẹ̀ ó ń sọ pé, sọ pé ilé màmá rẹ ni. Líìkì lásán ni. Dákun.

Craig kò wo apá ibi tó wà rárá. Àga onítìmùtìmù ló ń wò.

"Ilé Janine ni mò ń gbé! Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń sùn síbẹ̀ lójoojúmọ́ ayé. Ẹ bi í, òun náà rèé."

Ojú gbogbo wọn yí sí i. Ní tábìlì ẹnu ọ̀nà, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì owó ilé ti káńsù jókòó, bíà rẹ̀ lọ́wọ́, ó dáwọ́ mímu dúró. Janine mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ló máa ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn gíláàsì.

Alága gbé gbohùngbohùn dé iwájú rẹ̀. "Ọmọ mi, má bẹ̀rù. Ṣé ọ̀dọ̀ rẹ ni Craig ń gbé?"

Bó bá ní rárá, Craig pàdánù. Yóò di òpùrọ́ níwájú gbogbo ìlú, ó sì máa kó ẹrù rẹ̀ lọ. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé òun gan-an ni òpùrọ́, ilé tó bo ọmọ rẹ̀ lórí sì wà nínú ewu.

"Sọ fún wọn, Janine!" Craig pariwo. "Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Janine dáhùn. Gbohùngbohùn náà gbé e dé gbogbo igun. "Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Wọ́n gbé àga náà dé ilé Janine lọ́jọ́ kejì. Craig kò jẹ́ kí Bethan jókòó lé e.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni káńsù ránṣẹ́ pè é. Ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Rashida Iqbal ló gbà á sínú yàrá kékeré kan, ó tẹ ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Kò bú u. Ì bá sàn kó bú u.

"Màdáámù Hedley, ta ló ń gbé pẹ̀lú yín?"

Janine lanu, irọ́ tó ti ń pa láti ọdún mẹ́rin sì ti dúró sí orí ahọ́n rẹ̀.

"Kí ẹ tó dáhùn," Ìyáàfin Iqbal sọ pẹ̀lẹ́, "ẹ rántí pé gbogbo kílọ́ọ̀bù ló gbọ́ ohùn yín nínú gbohùngbohùn."

Janine bá bú sẹ́kún. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ àpò kan ṣoṣo títí dé ọjọ́ líìkì. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ó béèrè ohun tí Craig sọ, torí ó mọ̀ pé wọ́n ti pe òun náà.

"Ó ní yàrá lòun gbà lọ́wọ́ yín. Ó ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lòun ń san owó fún yín, pé ohun tí ẹ ń sọ fún káńsù kò kan òun."

"Ó ń san owó fún mi?"

"Ohun tó sọ nìyẹn."

Èébì gbé Janine. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ó dìde, ó dé ẹnu agbọ̀n ìdọ̀tí tó wà ní igun yàrá náà, ó sì bì. Òórùn dúrọ́ọ̀mù yẹn ló ń gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dúrọ́ọ̀mù náà wà nílé.

Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá pọ́n-ùn ó lé díẹ̀ ni káńsù ti fún un ju bó ṣe yẹ lọ. Wọn kò gbé e lọ sí kóòtù, nítorí kò jiyàn, kò sì tíì ṣẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dá gbogbo rẹ̀ padà, pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀. Bí kò bá san án, tí owó ilé náà bá tún ń gorí ara, ilé á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó délé, ó bá Craig àti àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ń gbé àga sínú mọ́tò.

"Níbo lò ń gbé e lọ?"

"Ilé màmá mi. Ọ̀rọ̀ káńsù yìí kò jẹ́ kí n gbádùn."

"Craig, kò jẹ́ kí o gbádùn? Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá! Ta àga yẹn, kí a fi bẹ̀rẹ̀."

"Kí n ta ẹ̀bùn mi? Orí ti dà ọ́ rú ni?"

"Ìwọ lo ní kí n má sọ fún wọn."

"Èmi? Ṣé o rí orúkọ mi níbì kankan? Orúkọ ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?" Ó ti àga náà wọ inú mọ́tò. "Ìwọ lo sọ pé bẹ́ẹ̀ ni nínú gbohùngbohùn, Janine. O ò bá ti sọ pé rárá."

Lóòótọ́, ó sọ bẹ́ẹ̀ sí i lójú. Àbúrò rẹ̀ pàápàá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀yin obìnrin tó ń ka èyí, mi ò ní í wàásù fún yín. Bí ọkùnrin kan bá ń jẹun nílé yín, tó ń sùn nílé yín, tó sì ní kí ẹ sọ fún àwọn tó ń ràn yín lọ́wọ́ pé òun kò sí níbẹ̀, ẹ gbà á gbọ́. Lóòótọ́ ni. Kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí gbèsè bá dé, ẹ ò ní í bá a.

Nígbà òtútù ni Craig padà wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn tó máa ń rín nígbà àkọ́kọ́.

"Olólùfẹ́, líìkì mi méjì kan ṣì wà lẹ́yìn ilé. Àwọn tó borí yẹn, mo tún wọn gbìn kí wọ́n lè so èso. Ìran líìkì baba baba mi ni. Jẹ́ kí n hú wọn."

"Líìkì wo?"

"Má ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo gbìn wọ́n."

"O sọ fún káńsù pé yàrá lo gbà lọ́wọ́ mi."

"Ìyẹn dẹ̀ ńkọ́?"

"Òkè ni yàrá wà, Craig. Ilẹ̀ àgbàlá kò sí nínú ohun tí o gbà."

Hetty bú sẹ́rìn-ín lórí ọgbà tó fi wúkọ́. "Ọmọ mi, o bá a níbẹ̀!"

Ojú Craig pọ́n. "Màá fún ọ ní ogún pọ́n-ùn."

"Ogún pọ́n-ùn kò tó ohun tí mò ń san fún káńsù ní ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀. Máa lọ."

"Janine, o ò mọ ohun tó wà níbẹ̀! Ọgọ́rùn-ún ọdún ni ìran yẹn!"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi ti torí rẹ̀ wẹ̀ nínú ike."

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó mú ọ̀bẹ, ó lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó hú líìkì méjèèjì, ó gé wọn sínú ìkòkò pẹ̀lú ọ̀dùnkún, torí ẹni tó ń san pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ ṣòfò. Bethan ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, ó yọ okùn funfun kan kúrò lẹ́nu.

"Màmá, kò ládùn. Omi ni. Ó sì ń rùn díẹ̀."

Janine tọ́ ọ wò. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ.

"Ṣé nǹkan tí gbogbo owó yẹn bá lọ nìyí?" Bethan béèrè.

"Òun nìyí."

Bí Janine bá san án láìjẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan yẹ̀, Bethan á ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún kí ó tó san án tán. Ó gbé ìkòkò náà jáde, ó da gbogbo rẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí tí mọ́tò káńsù máa ń wá kó láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì fa garawa náà dé etí títì.

"Owó wọn ló rà á," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Kí wọ́n wá gbé e."